Ẹ ka ọdún kíláàsì ọmọ kí ẹ tó wọn gíga rẹ̀

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú iṣẹ́ títọ́ ọmọ tó ń gbá básíkẹ́tì nìyí, ó sì ṣì ń dùn mí: ohun tó ń dá àwọn ọmọ wa dúró lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì Amẹ́ríkà kì í sábà jẹ́ bọ́ọ̀lù. Kíláàsì ni.

NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì ibẹ̀, ń ka ọdún mẹ́rin láti ìgbà tí ọmọ bá ti wọ kíláàsì kẹsàn-án. Lọ́dọ̀ wa, JSS 3 nìyẹn. Láàárín ọdún mẹ́rin yẹn ni ẹni tó fẹ́ gbá ní Division I, ìpele tó ga jù nínú NCAA, gbọ́dọ̀ parí kọ́ọ̀sì 16: Gẹ̀ẹ́sì 4, ìṣirò 3, sáyẹ́ǹsì 2, ọ̀kan sí i nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìmọ̀ àwùjọ 2, àti 4 mìíràn tí wọ́n fọwọ́ sí. Máàkì rẹ̀ nínú wọn kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 2.3 nínú 4.0 lọ.

Ẹnì kan á wá rí ọmọ gíga tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí SS 2. Á ní òun á mú un lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì kan lókè òkun, kó padà sí kíláàsì kẹwàá, kí ara rẹ̀ lè gbó sí i. Ọmọ á lọ. Á gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún mẹ́ta débi pé akọ́nimọ̀ọ́gbá á fi ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ lọ̀ ọ́. Ìyá á ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Ìgbà náà ni Eligibility Center, ọ́fíìsì tó ń yẹ ìwé wò fún NCAA, á béèrè èsì láti JSS 3. Wọ́n á ṣírò rẹ̀: JSS 3, SS 1, SS 2, ọdún àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Mẹ́rin ti pé. Kíláàsì kọkànlá àti ìkejìlá tó fi ń gba máàkì gidi, wọn ò kà á. Ẹni tó gba owó òbí ti ń wá ọmọ mìíràn kiri. (Mi ò pe gbogbo wọn ní olè o; àwọn kan mọ òfin, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e.)

Ẹ ó ní Hakeem Olajuwon, ìlú mọ̀ọ́ká agbábásíkẹ́tì ọmọ Èkó, náà bẹ̀rẹ̀ pẹ́. Bọ́ọ̀lù ló bẹ̀rẹ̀ pẹ́, kì í ṣe ìwé! Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó wọ Yunifásítì Houston ní 1980. Wọ́n fi í jókòó fún sáà kan, ó gbá mẹ́ta, Rockets, ẹgbẹ́ kan ní NBA (líìgì básíkẹ́tì tó ga jù ní Amẹ́ríkà), sì mú un ṣáájú gbogbo ènìyàn ní 1984, títí kan Michael Jordan. Sáà tó fi jókòó yẹn, ọmọ tó pẹ́ nílé ìwé kò ní in.

Ọdún ṣì ni mo ń sọ. Ọmọ tó bá ti wọ yunifásítì èyíkéyìí gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé ní kíkún (full-time), títí kan UNILAG, ọdún márùn-ún tó ní láti gbá sáà mẹ́rin ti ń lọ. Ẹni tó parí sẹ́kọ́ńdìrì tó sì ń gbá líìgì ju ọdún kan lọ kó tó wọlé lè pàdánù sáà. Òfin yìí ń yí, nítorí náà ẹ wo ti ọdún tí ọmọ fẹ́ wọlé.

Fídíò tí ẹ ó fi ránṣẹ́ sí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ò le: ìṣẹ́jú 3 sí 5, kí nọ́ńbà aṣọ rẹ̀ hàn, pẹ̀lú eré méjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ wọn gíga ọmọ láìwọ bàtà. Wọ́n á tún un wọ̀n. Kó má jẹ́ dunk nìkan, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí bó ṣe ń sá padà lọ dènà.

NBA kì í mú ju ènìyàn 60 lọ lọ́dún nínú draft, ìyẹn ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yan ọmọ tuntun. Àwọn yòókù ń lọ sí G League (líìgì kékeré tó wà lábẹ́ NBA), Yúróòpù, tàbí BAL, líìgì básíkẹ́tì Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021.

Ọmọ tí kọ́ọ̀sì 16 ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́, ẹ wá kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì tó wà lábẹ́ NJCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Masai Ujiri, ọmọ Nàìjíríà tó di ọ̀gá ẹgbẹ́ Toronto Raptors ní NBA nígbà kan, gbá ní irú rẹ̀, ní Bismarck State. Kí ọmọ tó lè ti ibẹ̀ bọ́ sí Division I, ó ní láti gboyè, kí máàkì rẹ̀ tó 2.5, kó sì ní kírẹ́díìtì 48 tó ṣeé gbé kọjá: Gẹ̀ẹ́sì 6, ìṣirò 3 àti sáyẹ́ǹsì 3 gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè èyí tó ṣeé gbé kọjá kí ó tó forúkọ sílẹ̀ fún un.