Mo-gbọ́-mo-yà Kò Sí ní Hendon

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi dáná ní Ìbàdàn kí n tó wá sí Lọ́ńdọ̀nù, síbẹ̀ níbi iṣẹ́ mi báyìí, n kì í tanná. Ilé ìdáná sínágọ́gù kan ní Hendon, ní ìhà àríwá ìlú náà, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Òfin oúnjẹ àwọn Júù ni pé Júù ló gbọ́dọ̀ tan iná tí wọ́n máa fi se oúnjẹ wọn. Nítorí náà, bí mo bá dé láàárọ̀, màá bó àlùbọ́sà, màá wẹ ọ̀dùnkún, màá gbé ìkòkò ka sítóòfù, màá wá dúró. Alábòójútó oúnjẹ, tó jẹ́ Júù, á wọlé, á yí bọ́tìnnì kan, á jáde. Gbogbo ìyókù di ọwọ́ mi. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ká mi lára. Èmi tí mo ti ń fẹ́ iná igi lẹ́yìnkùlé wa ní Òkè-Àdó láti ọmọ ọdún méje!

Alábòójútó yìí, ọmọ ọdún 26 ni, mo lè bí i. Orúkọ mi gan-an ló ń pè mí, bí gbogbo wọn ti ń ṣe níbí. Mo fara dà á fún ọdún kan kí n tó kọ́ ọ ní "Ìyá Tóbi". Ó ń pè é bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń pè é.

Ìwé kan wà lára ilẹ̀kùn ilé ìdáná náà tí wọ́n ń kọ ètò tó ń bọ̀ sí. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2026 yìí, ewé méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, torí ọdún wọn kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọdún 5787 ni wọ́n fẹ́ wọ̀. Alẹ́ Sátidé, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án: àdúrà ìtọrọ àforíjì lóru. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ọjọ́ kọkànlá: Rosh Hashanah, ọdún tuntun, ọjọ́ méjì gbáko. Sátidé ni ọjọ́ kìíní rẹ̀ bọ́ sí lọ́tẹ̀ yìí, nítorí náà wọn ò ní fọn ìwo àgbò àfi lọ́jọ́ Àìkú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 20 sí alẹ́ ọjọ́ 21: Yom Kippur, tí Bíbélì wa pè ní ọjọ́ ètùtù, wákàtí 25 tí omi pàápàá kì í kan ọ̀fun. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 25: Sukkot, àjọ àgọ́. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá: Simchat Torah, tí wọ́n máa ń gbé ìwé òfin Mósè jó yí sínágọ́gù ká. Iwájú ètò oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ni àlàfo wà fún iye ènìyàn. Àlàfo yẹn ló fi ìyàtọ̀ Hendon àti Ìbàdàn hàn mí ju òtútù lọ.

Ní Ìbàdàn, ta ló ń ka àlejò? Nígbà tí a sọ ọmọ àbúrò mi lórúkọ, oúnjẹ 200 ènìyàn la sè. Kí aago méjì tó lù, a ti rán ọmọ lọ ra àpò ìrẹsì mìíràn. Ará àdúgbò, ẹgbẹ́ ìyá ọkọ, àwọn onílù, ẹni tó ń kọjá lọ tó gbọ́ ìró gángan, gbogbo wọn jókòó. A máa ń fi mo-gbọ́-mo-yà ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá yà, ojú olóde ló ń gbà á tì. Bí o bá wá ní kí ènìyàn fèsì kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun bóyá òun máa jẹun, wọ́n á ní ilé òyìnbó ti yí ọ lórí.

Ohun tí wọ́n ń ṣe ní Hendon gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun alẹ́ Jímọ̀ pẹ̀lú ìjọ á ti forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, á sì ti sanwó, torí wọn kì í fọwọ́ kan owó lọ́jọ́ ìsinmi. Ní oṣù àkọ́kọ́ mi, wọ́n kọ 65 sí àlàfo náà, mo se ti 100. Alábòójútó wo ìkòkò, ó wo ojú mi.

"Ta ló ń bọ̀?"

"Àwọn tí kò sọ pé àwọn ń bọ̀ ni."

Kò sẹ́ni tó bọ̀. A jẹ ọbẹ̀ adìyẹ yẹn títí di Ọjọ́rú.

Àwọn tó ń ka àwo báyìí kì í sì í ka orí ènìyàn. Àdúrà ìjọ wọn kò lè pé bí ọkùnrin mẹ́wàá kò bá sí níbẹ̀. (Àwọn sínágọ́gù kan ń ka obìnrin mọ́ ọn; tiwa kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn.) Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, nígbà òtútù, ẹ ó rí mẹ́sàn-án lórí ìdúró, tí ojú wọn wà lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹnì kan ń fóònù kiri. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ iye tí wọ́n jẹ́, wọn ò ní sọ pé ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Sáàmù 28 ẹsẹ 9 ni wọ́n máa ń kà, "Gba àwọn ènìyàn rẹ là", tó jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá géérégé ní èdè Hébérù: ọ̀rọ̀ kan fún orí kan. Bí ẹsẹ náà bá tán sórí ẹni tó kẹ́yìn, wọ́n ti pé.

Nígbà tí alábòójútó ṣàlàyé èyí fún mi, ọ̀bẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ! Ìyá bàbá mi kì í jẹ́ ká ka òròmọdìyẹ pàápàá lójú rẹ̀. Mo sọ òwe náà fún un, ó ní kí n tún un sọ. Òun náà sọ ti Dáfídì ọba tó ka Ísírẹ́lì, tí àjàkálẹ̀ àrùn fi tẹ̀lé e. Mo ní ní tiwa, bí ìjọba bá ka ènìyàn, ìjà ló máa ń tẹ̀lé e.

Èèwọ̀ oúnjẹ kò ṣàjèjì sí mi, kò sí ìdílé tí kò ní tirẹ̀ nílé. Àmọ́ tibí yìí pọ̀. Ṣíìnkì méjì, ọ̀bẹ méjì, ìkòkò méjì: èyí fún ẹran, èyí fún mílíìkì, wọn kò gbọdọ̀ pàdé láé. Ọbẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù láyé, tí ẹran màlúù àti wàrà díndín jọ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ata, èèwọ̀ ni. Igbín, èèwọ̀. Edé, èèwọ̀. Ẹja àrọ̀, èèwọ̀, torí kò ní ìpẹ́. Kòkòrò inú ewé náà, èèwọ̀. Ojú ìmọ́lẹ̀ la ti ń yẹ ẹ̀fọ́ wò, ewé kan lẹ́yìn òmíràn. Ibẹ̀ ni mo ti borí gbogbo wọn. Ẹni tó bá ti ṣa ṣọkọ fún ìyá bíi tèmi, kòkòrò wo ló lè sá pamọ́ fún un? Ẹyin pàápàá, nínú ife ni mo ń fọ́ ọ sí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n lè wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀.

Bàbá mi, tó jẹ́ Mùsùlùmí, máa ń pe alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ní òru Jímọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó tètè yé mi pé alẹ́ ni ọjọ́ àwọn Júù ti ń bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ibí ni kò yé mi. Ní Ìbàdàn, yálà ẹ̀ẹ̀rùn ni o tàbí òjò, àárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí nǹkan bí aago méje ni ilẹ̀ ń ṣú. Ní Hendon, ọjọ́ ìsinmi ti wọlé kí aago mẹ́rin tó lù ní oṣù kejìlá. Ní oṣù kẹfà, aago mẹ́sàn-án alẹ́ á ti kọjá. Ìṣẹ́jú 18 kí oòrùn tó wọ̀ làwọn obìnrin ń tan àbẹ́là. Bí wọ́n bá ti tàn án, àdúgbò á pa lọ́lọ́. Kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, torí iná mànàmáná ni; ọ̀fun rábì nìkan ló fi ń wàásù. Èmi tí ìpè àsùbáà àti orin àìsùn ìjọ kan jọ ń bá ara wọn jà lórí òrùlé mi, ó pẹ́ kí n tó lè sùn nínú irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Wọn kì í gbé ohunkóhun jáde sí ìgboro lọ́jọ́ ìsinmi, títí kan ọmọ ọwọ́. Tẹ́lẹ̀, ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ á jókòó sílé ni. Ní ọdún 2003 ni wọ́n ta wáyà tín-ín-rín sórí òpó yí Hendon, Golders Green àti àyíká wọn ká, kí gbogbo rẹ̀ lè dà bí ilé kan ṣoṣo. Bí o kò bá mọ̀, wàá rò pé wáyà tẹlifóònù ni. Àwọn kan ń wá àlàyé gígùn fún un. Agbo ilé ni mo pè é ní tèmi. Ẹrù tí o gbé láti yàrá dé ọ̀ọ̀dẹ̀ nínú agbo ilé yín, ta ni yóò bi ọ́ léèrè?

Ọ̀rọ̀ ọmọ kò yà wá sọ́tọ̀. Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ń dábẹ́ fún ọmọkùnrin, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ lórúkọ, bíi ti ìkómọ wa. Àwọn tó ti Ìlà-Oòrùn Yúróòpù wá nínú wọn máa ń fi orúkọ òkú ìdílé sọ ọmọ, wọn kì í fi ti alààyè sọ ọ́. Obìnrin kan sọ fún mi pé orúkọ ìyá òun, tó kú lọ́dún tó kọjá, lòun fún ọmọbìnrin òun. Mo ní, "Yétúndé nìyẹn." Láti ọjọ́ náà, Yétúndé là ń pe ọmọ náà ní ilé ìdáná.

Ibi òkú ni mo ti bá ara mi jiyàn jù. Bí ẹnì kan bá kú nínú ìjọ, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi aṣọ funfun wé e, pósí onígi lásán, kò sí òdòdó, ó sì lè má ju ọ̀la lọ tí wọ́n á fi sin ín. Àwọn ọmọ olóògbé á wá jókòó sílé fún ọjọ́ méje lórí àga kúkúrú, wọ́n á fi aṣọ bo dígí. Wọn kì í sábà dáná. Àwọn ará ìjọ ló ń gbé oúnjẹ lọ bá wọn, ẹyin sísè sì máa ń wà nínú oúnjẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fi ti ibojì dé. Èmi ni mo máa ń sè é. Ẹni tó bá wọlé á ní, "Mo fẹ́ kí ẹ̀mí yín gùn," tó dà bíi "ẹ kú ara fẹ́ra kù" tiwa.

Nígbà tí ìyá mi kú ní Ìbàdàn, oṣù méjì ló lò ní mọ́ṣúárì kí a tó rówó aṣọ ẹbí, màlúù àti kánópì kó jọ. Lọ́jọ́ ìsìnkú, nígbà tí wọ́n ń kọrin níwájú, ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, mò ń bá aláàsè jiyàn lórí ẹran tó dín. Èmi tí ìyá mi kú! N kò ráyè sunkún títí wọ́n fi tú kánópì. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé ti Hendon ni kí wọ́n ṣe fún mi. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, wọ́n ní àbí mo fẹ́ kí wọ́n sin mí bí ẹni tí kò bímọ.

Ọ̀rọ̀ owó kò pọ̀. Igbá ọrẹ kì í lọ láàárín ìjọ. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń san owó ìjọ, ti ìsìnkú sì wà nínú rẹ̀. Alága ìkórè kò ní ibi tí yóò ti náwó ẹ̀yẹ níbẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà wọn nìkan ni kò jọ ibi ìjọsìn. Géètì irin, kámẹ́rà, àwọn ará ìjọ tó ń ṣọ́ ọ̀nà ní àṣegbà, tí wọ́n ń bi ọ́ lórúkọ. Lákọ̀ọ́kọ́, mo rò pé ìgbéraga ni. Lọ́jọ́ Yom Kippur, ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún 2025, wọ́n kọlu sínágọ́gù kan ní Manchester, méjì nínú àwọn tó wá jọ́sìn sì kú. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ọkùnrin tó wà ní géètì bi mí bóyá irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ níbi tí mo ti wá. Mo sọ ti Ọ̀wọ̀ fún un: ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2022, ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis, ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì. A dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn fún mi, kò sì béèrè orúkọ.

Nínú gbogbo ohun tó wà lára ilẹ̀kùn yẹn, Sukkot ni mo ń retí. Àtíbàbà ni wọ́n máa ń pa sí àgbàlá lẹ́yìn ilé ìdáná mi, wọ́n á fi ẹ̀ka igi bo orí rẹ̀, àmọ́ wọ́n á jẹ́ kó ṣí tó kí wọ́n lè rí ìràwọ̀. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi ń jẹun nínú rẹ̀, ní oṣù tí òjò Lọ́ńdọ̀nù máa ń rọ̀! Òfin àtijọ́ wọn ní bí òjò bá ti fẹ́ ba ọbẹ̀ jẹ́, kí wọ́n wọlé. Inú mi dùn pé ọbẹ̀ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Nínú sínágọ́gù, ọ̀sán tó jọ lẹ́mọ́ọ̀nù á wà lọ́wọ́ kan, mọ̀rìwò á wà lọ́wọ́ kejì. Mọ̀rìwò ọ̀pẹ déètì ni, ó gbẹ ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n mo dá a mọ̀ láti òkèèrè.

Alẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pe àlejò kan wọ inú àtíbàbà náà, nínú àwọn bàbá ńlá wọn tó ti kú tipẹ́: Ábúráhámù ni ti alẹ́ àkọ́kọ́, Ísáákì àti Jákọ́bù wà lára àwọn tó tẹ̀lé e, Dáfídì ló kẹ́yìn. Mo bi alábòójútó pé ṣé Ábúráhámù ti forúkọ sílẹ̀. Ó ní rárá, kì í forúkọ sílẹ̀.

Àlàfo iwájú Sukkot ṣì ṣófo títí di àná. Mo ti fi pẹ́ńsù kọ 1 síbẹ̀. Alábòójútó kò tíì rí i.