Ẹ̀wà jóná lójú mi

Ọjọ́ kẹrin rèé tí ọ̀fìnkìn ti dè mí mọ́lẹ̀, ọyẹ́ yìí ò ṣàánú ẹnikẹ́ni ní Iléṣà níbí. Imú dí pa, ẹnu ni mo fi ń mí bí ajá tó sáré dé.

Lánàá mo ní kí n tiẹ̀ gúnyán, bóyá ara á yá díẹ̀, ẹ ṣáà mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Mo se ẹ̀gúsí, mo da irú wóró tí mo rà lọ́jà Atákúnmọ̀sà sí i, irú tó jẹ́ pé àlejò ò tíì wọlé ló ti máa ń jáde lọ pàdé ẹ̀, mo wá bu òkèlè àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Iyọ̀ wà, mo mọ̀ ọ́n, ata ń ta mí lẹ́nu, iyán gbóná ó sì ń fà, àmọ́ ẹ̀gúsí dà? Irú dà? Òwú gbígbóná ni mo ń gbé mì.

Ni mo bá gbé fóònù. Àṣé ahọ́n ò mọ̀ tó bá a ṣe rò: dídùn, iyọ̀, kíkan, kíkorò, àti adùn omi ẹran yẹn, ó tán. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tá a ń pè ní adùn ọbẹ̀, òórùn ni, bá a ṣe ń jẹun ló ń gba ẹ̀yìn ọ̀fun gòkè lọ sínú imú, tọ́nà yẹn bá ti dí, irú di wóró lásán. Ata ò sí lára wọn ní tiẹ̀, iṣan tó ń mọ ooru àti ìrora ló ń lọ bá, ìyẹn ni ọ̀fìnkìn ò ṣe rí i mú. Robb náà nìyẹn. Mo fi í sí etí imú lálẹ́, mi ò gbọ́ òórùn ẹ̀ rárá, síbẹ̀ imú tutù nini, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan tútù kankan nínú agolo yẹn, iṣan tó ń mọ òtútù ló ń tàn jẹ.

Ojú náà máa ń da imú láàmú o. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Bordeaux nílẹ̀ Faransé, tó jáde ní 2001, wọ́n da àwọ̀ pupa tí kò ní òórùn sínú wáìnì funfun, wọ́n gbé e fún èèyàn 54 tó ń kọ́ nípa wáìnì ní yunifásítì (ẹ̀kọ́ tún ni, ayé yìí!), ọ̀rọ̀ wáìnì pupa ni wọ́n fi ń ṣàpèjúwe òórùn ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín wọn títí, kí n tó rántí pé èmi náà, tí ọbẹ̀ bá ti funfun jù, mi ò tíì tọ́ ọ wò ni mo ti máa ń ní ata ò tó.

Àmọ́ tòní ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Mo wà ní kíṣìnì, mò ń tẹ fóònù, ìkòkò ò ju ẹsẹ̀ méjì sí mi lọ, Ìyá Ìbejì pariwo láti yàrá kejì:

“Màmá Tọ́pẹ́! Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?”

“Mò ń gbọ́ yín mà.”

“Òórùn ni mo ní ṣé ẹ ò gbọ́! Ẹ̀wà yín ń jóná!”

Mo ṣí ìdérí, èéfín bò mí, omi ń dà lójú mi, imú ò sọ nǹkan kan.

Àwọn ọmọ ní àwọn ò lè jẹ ẹ́, ó ń rùn. Èmi bu tèmi, mo jẹ ẹ́ tán.