Ohun tí ewédò ń jẹ nínú táǹkì ẹja òkun

Ewédò ni mo ń pe gbogbo nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń hù bí irun sára òkúta inú táǹkì, àtàwọn ìbátan rẹ̀ tó ń yọ̀ bí ilá lójú iyanrìn. Bí a bá da oògùn sí i láì mọ ohun tó ń jẹ, yóò kú lọ́sẹ̀ yìí, yóò sì hù padà kí oṣù tó parí. Nitrate àti phosphate, èròjà méjì tó máa ń wà nínú ajílẹ̀, loúnjẹ rẹ̀. Ọ̀nà tí oúnjẹ yẹn ń gbà wọlé ló yẹ ká dí.

L'Àgbádárìgì níbí, omi tí à ń bù dí èyí tó gbẹ ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ooru ń mú, fáànù ń fẹ́. Táǹkì oní 200 lítà tí kò ní ìdérí lè gbẹ tó lítà 4 lójúmọ́. Omi nìkan ló ń gbẹ o, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń ṣẹ́kù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní omi kànga yín ní mg 20 nitrate nínú lítà kan. Lítà 4 lójúmọ́ di lítà 120 lóṣù. 120 lọ́nà 20 jẹ́ mg 2,400. Ẹ pín in sí lítà 200: nitrate ti fi 12 gòkè lóṣù kan ṣoṣo, a ò tíì ka ti oúnjẹ ẹja. Kànga tó sún mọ́ ṣaláńgá lè ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Álọ́ọ̀mù ò lè yọ nitrate kúrò. Sísè ńkọ́? Ńṣe ló tún ń mú kó ki sí i.

Ẹ̀rọ RO, tó ń fi agbára ti omi gba inú awọ tín-ínrín, tó sì ní DI nídìí (resin, ìyẹn hóró kéékèèké tó ń gba ohun tó bá ṣẹ́kù), ló ń yọ ọ́. Kí mítà TDS, tó ń wọn ohun tó yọ́ sínú omi, ka 0 lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ti ń ka 2 tàbí 3, ẹ pààrọ̀ resin DI. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni agbára omi. Táǹkì tó wà lórí òpó mítà 6 kò fún ẹ̀rọ náà ju nǹkan bíi psi 8 lọ (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára omi), bẹ́ẹ̀ ohun tó ń fẹ́ tó psi 50. Láìsí pọ́ǹpù tó ń ti omi, ìdọ̀tí á máa kọjá, omi tó ń ṣòfò á pọ̀ rẹpẹtẹ, resin ò sì ní pẹ́ kú. Píọ̀ wọ́tà náà, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gbára lé e.

Òkun wà nítòsí, òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀sà kì í ṣe òkun. Omi ọ̀sà wa kò níyọ̀ tó, pàápàá lásìkò òjò, ó sì ń gbé ohun tó ṣàn láti oko wá. Bó bá jẹ́ omi òkun lẹ fẹ́, ẹ bù ú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi ohun èlò ìwọniyọ̀ rí i pé ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 1.025 (omi tí kò níyọ̀ jẹ́ 1.000). Bí ẹ bá ń po iyọ̀ táǹkì, nǹkan bí gíráàmù 720 ni kẹ́ẹ̀gì lítà 20 ń gbà. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Bí ẹ bá yẹ omi wò tó ní phosphate jẹ́ 0, tí irun sì bo òkúta, ẹ má tíì yọ̀. Ewédò ti jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó bu omi ni.

Ẹ fọwọ́ yọ èyí tó wà nílẹ̀. Ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ so búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mọ́ ẹnu rọ́bà tí ẹ fi ń fa omi, kí ohun tí búrọ́ọ̀ṣì bá ha máa wọ rọ́bà lọ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá já sínú omi á lọ hù síbòmíràn. Òkúta tó ṣeé gbé jáde, ẹ fi sírínjì kán hydrogen peroxide 3% sí i lára. Á hó ṣàà. Ẹ fi í sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 3, ẹ fi omi iyọ̀ ṣan án, ẹ dá a padà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ewédò rẹ̀ á funfun. Ẹ má jẹ́ kó kan iyùn alààyè inú táǹkì, edé tàbí akàn.

Iná mànàmáná wa náà ń bọ́ ewédò. Táímà oníyípo máa ń dúró nígbà tí iná bá lọ, aago rẹ̀ á sún sẹ́yìn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan gílóòbù á máa tàn lóru. Ẹ ra èyí tó ní bátìrì nínú. Wákàtí 8 ti tó, kí oòrùn fèrèsé má sì kàn án.

Oúnjẹ inú firíìjì, ẹ jẹ́ kó yọ́ nínú kọ́ọ̀pù, ẹ da omi rẹ̀ nù. Ẹ̀tù edé gbígbẹ, ẹ fi sílẹ̀ fún ọbẹ̀: ẹja kì í rí i mú, phosphate ló ń dà. Ìṣáwùrú ọ̀sà náà, ẹ má kó o wá jẹ ewédò. Òkú rẹ̀ lẹ ó máa ṣà.

GFO, ìyẹn hóró irin dídógùn-ún tí wọ́n ń tà sínú ike, ń fa phosphate, àmọ́ ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára ike ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí tó bá já wálẹ̀ lójijì, iyùn á fara gbá a. Bí phosphate bá tún gòkè lọ́sẹ̀ kejì, èyí tó wà nínú òkúta ló ń tú jáde. Ẹ pààrọ̀ GFO, kí ẹ máa bá a lọ.

Ọ̀kan wà tí ìmọ́tótó ń bọ́: kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ tó gbé afẹ́fẹ́ róbótó-róbótó dání lọ́sàn-án, tó ń dín kù lóru. Dinoflagellate nìyẹn, ó sì sábà máa ń wá nígbà tí nitrate àti phosphate bá tán pátápátá. Ẹ yọ GFO, ẹ dá pípààrọ̀ omi dúró, ẹ jẹ́ kí nitrate padà sí nǹkan bíi mg 5 nínú lítà kan, kí phosphate má sì wálẹ̀ ju mg 0.05 lọ.