Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe tíátà, ẹ wá gbọ́ o

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń bá wọn ṣe fíìmù, wọn ò sì tíì gbé fọ́tò mi gàdàgbà síwájú pósítà rí. Ìjòyè, bàbá ìyàwó, dókítà, bàbá tó ń ta ilẹ̀ onílẹ̀, èmi náà nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá pàdé mi l'Óṣòdì ẹ ó ní ojú yìí ò ṣàjèjì, ẹ ò kàn ní rántí orúkọ. Àmọ́ wọ́n ń pè mí sí iṣẹ́ ṣá.

Wàkàpáàsì, ẹni tó kàn ń kọjá nínú eré, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Orí ìtàgé ni ọ̀gá mi ti wá, lára àwọn tó ń fi mọ́tò gbé eré láti ìlú dé ìlú, bí Bàbá Ògúǹdé ṣe bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1945. Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi gbé àpótí aṣọ, mo fọ kọ́stúùmù, mo sáré ra oúnjẹ, kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ. "Kábíyèsí, wọ́n ti dé o." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ ọ́ nínú dáńfó, mo sọ ọ́ nílé ìwẹ̀. Ọjọ́ pé, aago méje àárọ̀ la dé lòkéṣọ̀n, aago mọ́kànlá alẹ́ ni wọ́n tó pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ké e bí ẹni ń pe ọlọ́kọ̀ lódìkejì odò. Dàrẹ́kítọ̀ ní "cut!", ó ní ṣé Kútọnu ni Kábíyèsí ń gbé ni?

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó dùn mí o. Àṣé orí ìtàgé ló ti yẹ kí ohùn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngán, ti kámẹ́rà, máíkì ti wà lókè orí ẹ, ojú ẹ ni wọ́n ń wò. Mo wá rọ ohùn sílẹ̀, ó tún ní "cut!" Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí ni Kábíyèsí ń bá olorì sọ kó o tó wọlé? Mi ò mọ̀. Ibi tèmi nìkan ni mo kà.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ àwọn tó kù ni mo kọ́kọ́ máa ń kọ́ tí script bá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín, tẹ́nìkejì bá ń sọ̀rọ̀, ẹ kàn ń dúró kó dákẹ́ ni, ètè yín á máa jó, ẹ ń ka tiyín lábẹ́nú. Kámẹ́rà ń rí i o! Edítọ̀ kan ní tóun bá ti rí irú ètè bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn orí onítọ̀hún lòun máa ń lò.

Ọ̀rọ̀ fìlà náà wà ńlẹ̀. Wọn kì í ya fíìmù bí ìtàn ẹ̀ ṣe tò, gbogbo ti ààfin, ọjọ́ kan náà ni, torí owó ibi tí wọ́n háyà àti dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu, ẹ lè sunkún òkú ìyàwó láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e níyàwó lọ́sàn-án. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, etí fìlà mi dà sósì lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tá a ya ti pálọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, níbi tí mo ti ń wọlé láti ẹnu ọ̀nà yẹn náà, ó dà sọ́tùn-ún, ẹni tó ń ṣọ́ kọntiniúítì, pé kí ìmúra bára mu láti ìran dé ìran, ti lọ ra búrẹ́dì. Ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́jọ ló kọ́kọ́ rí i nígbà tí fíìmù jáde. Ẹ máa ya fọ́tò ara yín kẹ́ ẹ tó bọ́ṣọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní fóònù.

Tówó bá kàn, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó wọṣọ, kí wọ́n kọ iye ọjọ́ sílẹ̀. Bàbá Sàlá alára, àwọn olè da fíìmù Ọ̀run Mooru tí wọ́n ṣe ní 1982 kọ, gbèsè ló kù fún wọn, ká má tíì sọ ẹni tó wá ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì. Wọ́n ti fún mi lówó mọ́tò lásán fún iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin rí, ẹni tó ṣe é ṣì ń pè mí ní "ẹ̀gbọ́n mi àtàtà" dòní.

Lóṣù tó kọjá l'Ábẹ́òkúta, ọmọkùnrin kan jókòó tì mí látàárọ̀, kó gbé omi wọlé fún èmi àti bàbá kejì nìkan niṣẹ́ ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n wo kámẹ́rà tí mo bá wọlé ni?" Mo ní ta ni òùngbẹ ń gbẹ nínú àwa méjèèjì? Ó ṣí script, ó kà á títí, ó ní, "Bàbá yẹn ni, ẹ̀yin ń bínú, ẹ ò lè mu omi ilé wọn." Nígbà tí wọ́n pè é, ó fẹsẹ̀ lélẹ̀ jẹ́jẹ́ kọjá lọ́dọ̀ mi, ó gbé e fún bàbá yẹn. Wọn ò ní kó tún un ṣe.