Àyẹ̀wò Ọdún: Táńkì Bàbá Sójà

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti ẹ̀yìn wá mọ̀ pé ní ìparí oṣù Kejìlá ni mo máa ń jókòó ti tábìlì iṣẹ́ mi ní Adó-Èkìtì níhìn-ín, tí n ó sì ka iye ọkọ̀ ogun kéékèèké tí mo tò parí láàárín ọdún. Lọ́dún tó kọjá, márùn-ún ni mo kà. Ti ọdún yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Mo mọ̀ pé oṣù méjìlá pé, pé mo ń lọ sí kíláàsì láràárọ̀, pé àwọn ọmọ ṣe ìdánwò, pé òjò rọ̀ tó sì dá, mo sì dúpẹ́ fún gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n sọ ohun tí mo fi ọdún ṣe, T-55 ni mo fi ṣe, irú ọkọ̀ ogun tí Bàbá Sójà, àgbà ìdílé wa ní Ìkẹ́rẹ́, wà nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ológun, èyí tí mo ṣèlérí pé n ó gbé lé wọn lọ́wọ́ kí ọdún tó parí. Ọdún parí, ọkọ̀ parí, Bàbá ni kò dúró.

Kíìtì náà, ìyẹn àpótí ẹ̀yà ike tí n ó tò pọ̀ di ọkọ̀, dé láti Èkó nínú oṣù Kejì. Ìwọ̀n 1/72 ni, èyí tó túmọ̀ sí pé mìlímítà kan lórí tábìlì mi jẹ́ mìlímítà 72 lára ọkọ̀ gidi. Ọkọ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 3.27, tó wọn tọ́ọ̀nù 36, wá di ohun tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà 45 lọ, tó sì ń jókòó sórí àtẹ́lẹwọ́ mi tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. Àwọn tó ṣe kíìtì náà mú ìrísí rẹ̀ dáadáa: ilé ìbọn tó ń yí lórí rẹ̀ rí roboto bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, wíìlì márùn-ún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, àlàfo tó wà láàárín wíìlì àkọ́kọ́ àti ìkejì, èyí tí a fi ń dá ìdílé T-54 àti T-55 mọ̀ lókèèrè, sì wà níbẹ̀ bó ti yẹ. Àwọn ohun kéékèèké ni wọ́n pa tì. Àwọn ọ̀pá ìdìmú tó yí ilé ìbọn ká, tí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ máa ń dì mú bí wọ́n bá gùn ún, kàn wú lára ike bí àpá ọgbẹ́ tó jinná ni, ìka kankan kò lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bákan náà ni ọgbà irin tó dáàbò bo iná iwájú. Ìtì igi tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí ọkọ̀, kí ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rí nǹkan tẹ̀ mọ́lẹ̀ bó bá rì sínú ẹrẹ̀, kò sí níbẹ̀ rárá. Wọ́n sì tún gbé ìdérí ihò afẹ́fẹ́ kan tó rí bí olú lé orí ilé ìbọn, bẹ́ẹ̀ T-54 ló ni ìyẹn. Nígbà tí T-55 máa jáde ní 1958, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Èyí ló bà mí nínú jẹ́ jù, nítorí ẹni tó bá mọ ọkọ̀ yìí ni yóò kọ́kọ́ rí i, ẹni tó mọ ọkọ̀ yìí ni mo sì fẹ́ gbé e fún.

Mo gbé e lọ sí Ìkẹ́rẹ́ ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹta, kí n tó lẹ ohunkóhun. Màmá Ìkẹ́rẹ́ ti gúnyán. Bàbá Sójà wo àpótí náà, wọ́n sì sún àwo iyán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wọ́n mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe gbọdọ̀ wúwo tó kí irú èyí tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n mú apá iwájú ọkọ̀ náà dání, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n fi èékánná tẹ ibi ilẹ̀kùn orí kékeré tó wà lápá òsì. Ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Dẹ́rẹ́bà dà?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, kò sí ènìyàn nínú kíìtì yìí."

Wọ́n ní, "Ta ló wá ń wà á?"

Lẹ́yìn náà ni wọ́n di ojú wọn, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ohun tí n kò rí. T-55 kò ní ìdarí roboto bí ti mọ́tò. Ọ̀pá méjì ló ní, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, èyí tí o bá fà ni ọkọ̀ yóò yà sí. Wọ́n fa ti òsì, èjìká wọn sì bá a lọ. Wọ́n tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ẹní. Wọ́n yẹ ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún kúrò fún nǹkan kan, mo sì béèrè ohun tó jẹ́, wọ́n ní ọta ìbọn ni, pé ibi tí wọ́n to ọta ńlá sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà gan-an, pé ẹni tí kò bá ṣọ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ yóò fi gbá irin láti àárọ̀ di alẹ́. Mo ti ka ìwé nípa ọkọ̀ yìí, mo sì mọ̀ pé ọta wà níbẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ yẹn ni n kò mọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí n ó fi àwòrán nìkan ṣe. Mo fi bíléèdì bẹ́ olú orí ilé ìbọn dànù, mo fi sáńpépà tí mo rẹ sínú omi fá ojú rẹ̀ títí ó fi dán. Mo fá gbogbo ọ̀pá ìdìmú tó dà bí àpá yẹn kúrò. Inú wáyà ṣájà fóònù kan tó ti bàjẹ́ ni mo ti rí kọ́pà tí mo fi ṣe tuntun: mìlímítà 0.3 ni nípọn rẹ̀, bí a bá sì sọ ọ́ di ti ọkọ̀ gidi, díẹ̀ ló fi dín ní mìlímítà 22, ìwọ̀n tí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ogun lè dì mú. Mo gé ṣóńṣó ike kan gẹ́gẹ́ bí odiwọ̀n, orí rẹ̀ ni mo ti ń tẹ wáyà, kí gbogbo wọn má baà ga jura lọ. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ tí mo kì bọ igi ni mo fi ń lu ihò, mo ń fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀, nítorí bí ènìyàn bá kánjú, ike yóò là. Ọgbà iná iwájú gba alẹ́ mẹ́rin. Mo lè sọ̀rọ̀ lórí ọgbà yẹn títí di àárọ̀, ṣùgbọ́n mo ti ròyìn irú rẹ̀ fún yín lọ́dún tó kọjá, mo sì fẹ́ dé ibi ìtì igi.

Èmi kọ́ ni mo ṣe ìtì igi náà. Bàbá fúnra wọn ló rìn lọ sí ìdí igi gúáfà ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n ṣẹ́ ẹ̀ka kan tí nípọn rẹ̀ kò ju mìlímítà mẹ́ta lọ, tí wọ́n jókòó sórí àga, tí wọ́n sì fi ọ̀bẹ hó èèpo rẹ̀ sí apá kan, wọ́n fi èèpo sílẹ̀ lápá kejì. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní okùn irin tí wọ́n fi ń so ìtì igi máa ń bó èèpo ibi tó bá ti ń gbò ó. Mo gé e sí mìlímítà 35, mo fi ẹ̀là wáyà tín-ínrín dì í mọ́ ìdí ọkọ̀, ní ibi tí wọ́n bó gan-an.

Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ búútà. Ènìyàn mẹ́rin ló ń wà nínú T-55: ọ̀gá ọkọ̀, ayìnbọn, ẹni tó ń ki ọta bọ ìbọn, àti awakọ̀. Ayìnbọn tiwọn ní Bauchi jẹ́ ọmọ Kàtsínà, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré, ọ̀pá ìdìmú ẹ̀yìn ilé ìbọn ló sì máa ń so búútà àlùwàlá rẹ̀ mọ́. Ibikíbi tí ọkọ̀ bá dúró, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò ṣe àlùwàlá, yóò kírun, Bàbá tó jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà yóò sì máa ṣọ́ ọkọ̀ dè é. Wọ́n ní, "Bí o bá ṣe gbogbo rẹ̀ tí kò sí búútà níbẹ̀, ọkọ̀ ẹlòmíì lo ṣe."

Búútà gidi tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 25 yóò di mìlímítà mẹ́ta ààbọ̀. Mo fi orí ọ̀pá ike sún mọ́ iná àbẹ́là títí ó fi ká jọ, tó di ìlẹ̀kẹ̀: ìyẹn ni ikùn búútà. Mo tún yọ́ ike mìíràn lórí iná, mo fà á gùn títí ó fi rí bí irun orí, mo gé ìwọ̀n tín-ń-tín, mo tẹ̀ ẹ́: ìyẹn ni ọ̀nà omi. Ẹ̀là wáyà kan ṣoṣo láti inú okùn gbohùngbohùn etí ni mo fi ṣe ibi ìdìmú. Àkọ́kọ́ já bọ́ láti ẹnu ẹ̀mú, n kò rí i mọ́ títí di òní. Ìkejì, súpàgúlù fi èéfín funfun bo gbogbo ara rẹ̀. Ìkẹta ni mo gbé lọ sí Ìkẹ́rẹ́ nínú ìdérí ìgò oògùn. Bàbá fi awò amúǹkan-tóbi wò ó títí, wọ́n ní ó dára, ṣùgbọ́n tuntun ni. Ti ọ̀rẹ́ àwọn tẹ̀ wọnú lápá kan, nítorí ó já lulẹ̀ lọ́jọ́ kan nígbà tí Bàbá fúnra wọn fa ọ̀pá òsì láìròtẹ́lẹ̀. Mo tan àbẹ́là níbẹ̀, mo mú ẹnu abẹ́rẹ́ gbóná, mo kàn án mọ́ ikùn búútà lẹ́ẹ̀kan. Ó tẹ̀ wọnú. Bàbá gba ìdérí ìgò náà lọ́wọ́ mi, wọn kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa lanu, wọ́n ní, "Ó bínú sí mi lọ́jọ́ yẹn o."

Ohun tó kù kò ju dẹ́rẹ́bà lọ. Mo wọn Bàbá lára ògiri pálọ̀, mítà 1.73, èyí tó jẹ́ mìlímítà 24 gééré ní ìwọ̀n wa. Mo ṣèlérí pé n ó mú un wá ní oṣù Kẹsàn-án.

Ní oṣù Kẹsàn-án náà, ní alẹ́ ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n jẹun, wọ́n gbọ́ ìròyìn lórí rédíò, wọ́n sùn. Màmá lọ jí wọn láàárọ̀.

Bàbá máa ń sọ pé nínú gbogbo ìdílé wa, àwọn nìkan ni wọ́n wa ọkọ̀ káàkiri Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún tí ọlọ́pàá kan kò sì béèrè ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn rí. Níbi ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n mi àgbà tún un sọ lórí pèpéle, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín, òkè Olósùnta sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ilé bó ti wà nígbà gbogbo. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá, àti ẹ̀yin tí ẹ ránṣẹ́. Ọlọ́run kò ní fi irú rẹ̀ san án fún yín.

N kò fọwọ́ kan tábìlì títí di oṣù Kọkànlá. Nígbà tí mo padà, dẹ́rẹ́bà ni mo kọ́kọ́ ṣe. Ẹpọ́sì tí àwọn pọ́ńbà fi ń dí páìpù ni mo fi mọ wọ́n, ní ìjókòó, ọwọ́ méjèèjì níwájú, ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún tó yẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó bá ń wo ọkọ̀ náà kò lè rí ju orí àti èjìká lọ láti ẹnu ilẹ̀kùn kékeré yẹn, àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe ju ìdajì ènìyàn lọ. Mo ṣe wọ́n pé, tòun ti ẹsẹ̀, tòun ti bàtà, nítorí n kò lè gé wọn sí méjì.

Ọ̀dà kò gbà mí lákòókò. Ọyẹ́ ti dé, ọ̀dà ń gbẹ kí n tó gbé búrọ́ọ̀ṣì kúrò, mo sì ní láti máa fi omi là á lemọ́lemọ́. Ọ̀rọ̀ eruku ni mo rò pẹ́. Ilẹ̀ pupa Èkìtì wà lẹ́nu ọ̀nà mi, mo sì ti kù ú, mo ti fi aṣọ jọ̀ ọ́ sínú ife láti oṣù Kẹfà, ṣùgbọ́n Bàbá ti kọ̀ ọ́ nígbà ayé wọn, wọ́n ní ọkọ̀ àwọn kò dé Èkìtì rí, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú yín tó ń gbé ní Bauchi gbọ́, ó bu erùpẹ̀ sínú ọ̀rá, ó fi í ránṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Èyí pọ́n rúsúrúsú ni, kò pọ́n bíi tiwa. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fi wọ́n ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀, àwọn wíìlì àti ẹ̀yìn sàlẹ́ńsà, ó sì mú. Ẹni rere, mo mọ orúkọ rẹ, ìwọ náà mọ ara rẹ. Ẹ ṣeun púpọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì ni mo gbé e lọ fún Màmá. Wọ́n gbé e sórí tábìlì rédíò Bàbá, wọ́n sì ń nù ún láràárọ̀ bí wọ́n ṣe ń nu rédíò. Lánàá ni wọ́n pè mí, ohùn wọn rẹlẹ̀, wọ́n ní nǹkan kan já mọ́ àwọn lọ́wọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ náà, ó kéré tó hóró ìrẹsì, àwọn sì ti fi í pamọ́ sínú bébà. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n máa nù ún lọ, pé kò sí ewu. Wọ́n tún ní àwọn rí fọ́tò Bàbá kan nínú àpótí, níbi tí wọ́n ti dúró ti ọkọ̀ ogun mìíràn, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà. Láti bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀, ó jọ pé Saladin ni, irú èyí tí wọ́n lò nígbà ogun abẹ́lé láti 1967 sí 1970. Bóyá ti ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn, bí ẹ̀mí bá wà. N kò fẹ́ ṣèlérí oṣù tí yóò parí.

Wọ́n ti mú iná lọ ní àdúgbò wa láti ìrọ̀lẹ́. Mo ti tan àbẹ́là, mo ti fa ike gùn, ìlẹ̀kẹ̀ tuntun sì wà lórí dígí níwájú mi. Mo ń dúró kó tutù, kí n tó tẹ ikùn rẹ̀ wọnú.