Omi Gbé Ilé, Kò Gbé Ìyá Wa: Ẹ Bá Mi Dúpẹ́

Ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́, ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga. Ìyá wa ti kúrò ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti wà lọ́dọ̀ mi ní Àbújá níbí, wọ́n sì ti ń bá mi jà pé iyọ̀ ọbẹ̀ mi pọ̀ jù, nítorí náà mo mọ̀ pé ara wọn ti ń yá.

Ẹ ti mọ bí ìdílé wa ṣe dé Mọ́kwà, ìlú Núpé ní Ìpínlẹ̀ Niger. Bàbá àgbà kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti lọ ṣe lébìrà níbi tí ìjọba òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi katakata tú igbó ní 1949 láti gbin ẹ̀pà. Nígbà tí iṣẹ́ náà forí ṣánpọ́n ní 1954, bàbá kò ní owó ọkọ̀ ojú irin tí yóò gbé wọn padà sílé. Àgbẹ̀ Núpé kan ló yá wọn ní ilẹ̀ àti irúgbìn ọkà bàbà. Ìyá àgbà máa ń sọ pé lọ́dún yẹn, omi ọ̀gì lásán ni àwọn fi ń tan àwọn ọmọ sùn.

Ṣùgbọ́n ebi kò dà bí òru 28 oṣù Karùn-ún 2025. Òjò rọ̀ títí, omi kó jọ sẹ́yìn òkìtì ojú irin nítorí pé pàǹtírí ti dí ihò tí ó yẹ kí ó gbà kọjá, nígbà tí ó sì já, ó kó ilé àti ènìyàn tó ju 150 lọ. Ọmọ odó ni ọ̀dọ́ opó Núpé tó ń ta kúlíkúlí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fi lu ilẹ̀kùn títí ìyá wa fi jí. Àpò irúgbìn ni wọ́n ṣì ń gbìyànjú láti gbé sókè àjà nígbà tí omi dé àyà wọn. Obìnrin yìí tú gèlè rẹ̀, ó fi so ọwọ́ ìyá wa mọ́ irin fèrèsé, ó ní bí àárẹ̀ bá tilẹ̀ mú wọn, omi kò ní rí wọn gbé lọ. Igi àjà já lu ẹsẹ̀ wọn, ó sì ṣẹ́, síbẹ̀ gèlè náà kò tú títí ilẹ̀ fi mọ́. Àpá rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bi mí níbi tí a ó sin wọ́n sí kí ẹnikẹ́ni tó rí òkú, mo gbọ́ yín. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ohun tí wọ́n wá lọ sí Òkè Ọya ni wọ́n rí, ẹ rántí ẹni tó ń fi iṣu ránṣẹ́ sí yín lọ́dọọdún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da ìdọ̀tí sójú àgbàrá mọ́, ẹ má sì ta ojú ọ̀nà omi fún àlejò.

Mọ́kwà ni a ó ti ṣe ìdúpẹ́, nítorí pé ìyá wa ti fi dandan lé e pé àwọn yóò padà sóko kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. A kò dá aṣọ ẹbí. Irúgbìn ẹ̀pà àti ọkà bàbà ni kí ẹ mú dání, kí ẹ sì di ti opó náà lọ́tọ̀.