Bíréèkì Ló Ṣáájú Ẹ́ńjìnnì

Sátidé. Ẹ́ńjìnnì ti jókòó sínú férémù kẹ̀kẹ́ ológeere mi. Bóòtì mẹ́rin ló dì í mú, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, a sì ti fún gbogbo wọn le. Láti àárọ̀ ni àwọn ọmọ iṣẹ́ Bàbá Wẹ́dà ti ń rọ̀ mí pé kí n tan án, kí etí àwọn gbọ́ ohùn ẹ̀. Mi ò tan án, mi ò sì ní tan án títí bíréèkì á fi pé. Ohun tó wà lọ́kàn mi nípa ẹ̀ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kí oorun tó gbé mi lọ.

Igbogbo ni mò ń gbé, Odógunyàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ Ìkòròdú mọ ohun tí mò ń sọ: wàá wọ ọkọ̀ dé Gáréèjì, wàá sọ̀, wàá tún wọ òmíràn gba ọ̀nà Ṣágámù lọ. Owó méjì láàárọ̀, owó méjì nírọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti lé ní ₦1,000. Owó ọkọ̀ ń bá a gòkè, tó bá sì ti gòkè báyìí, ó ti jókòó síbẹ̀ nìyẹn. Mo gbìyànjú kẹ̀kẹ́ ológeere lásán. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kéèyàn fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ débi iṣẹ́, kó tún wá dúró ti ẹ̀rọ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kó sì tún wà á padà sílé, ara ò gbà á lójoojúmọ́.

Ẹ́ńjìnnì tí mo rà wà nínú páálí, tòun ti táǹkì, kábúrétọ̀, sàléńsà àti ṣéènì ẹ̀. Wọ́n kọ 80 sí i lára, ìyẹn cc, ìwọ̀n àyè inú sìlíńdà, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá wọn inú sìlíńdà ẹ̀, mílímítà 47 ni fífẹ̀ ẹ̀, písítìnì á sì rìn mílímítà 38. Ìyẹn ò ju 66cc lọ. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀ sí "I pass my neighbour" lọ, 63cc nìyẹn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń gbà ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí ọkàn Bàbá Wẹ́dà fi balẹ̀ nígbà tí mo gbé e dé. Ní wọ́n bá ní, "Jẹnẹ̀ nìyí náà."

Òótọ́ ni wọ́n sọ, ó sì pẹ́ tí ayé ti ń fi jẹnẹ̀ ṣe irú eléyìí. Soichiro Honda, tí orúkọ ẹ̀ wà lára ọkọ̀ àti ọ̀kadà káàkiri ayé lónìí, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1946, ní ìlú Hamamatsu lórílẹ̀-èdè Japan, ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, ọkọ̀ ò tó, epo sì ti di góòlù. Ó rí àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré táwọn ọmọ ogun fi ń pèsè iná fún rédíò wọn, ló bá so ọ̀kan mọ́ kẹ̀kẹ́. Ohun tí wọ́n ń rọ omi gbígbóná sí láti fi móoru lórí bẹ́ẹ̀dì ló kọ́kọ́ fi ṣe táǹkì epo. Ìyàwó ẹ̀ ló ní kó gùn ún wò láàárín ìlú. Orí mi máa ń wú tí mo bá rántí ìtàn yìí, torí pé ìnira ọkọ̀ wíwọ̀ ló bí i, irú èyí tí à ń jẹ ní Gáréèjì.

Ibi tó gba àsìkò wa jù lónìí ni sípírókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, irin eléyín tí ṣéènì ń yí, èyí tó ní eyín 44. Ara sípóòkù gan-an ni wọ́n ń so ó mọ́. Rọ́bà kan á wà nínú, ọ̀kan á wà níta, sípóòkù á wà láàárín, bóòtì mẹ́sàn-án á sì gba gbogbo ẹ̀ kọjá. Bí èèyàn bá fún ẹyọ kan le tán kó tó kan èkejì, gbogbo ẹ̀ á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Díẹ̀díẹ̀ là ń fún un: a kan ọ̀kan, a fo méjì, a kan òmíràn. Bàbá wá dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sún mọ́ eyín ẹ̀ láìkàn án, wọ́n ní kí n yí táyà. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá ti fi àmì funfun sí ló yọ síta. A tú u, a tún un dì, a tún un yí, títí àmì funfun fi kárí eyín gbogbo. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n.

Irin kékeré kan tún wà tó ń na ṣéènì. Bí wọ́n ṣe ṣe é wá látilẹ̀, ó kàn fún mọ́ férémù ni. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n, ó lè yí wọnú sípóòkù, táyà ẹ̀yìn á sì há lójijì. Ẹni tó bá wà lórí eré nígbà náà, ilẹ̀ ló máa bá ara ẹ̀. Bàbá lu ihò sí i, wọ́n fi ìdè mìíràn kún un kó má lè yí mọ́. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀ má fo ibi yìí o.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀.

Bàbá bi mí pé, "Ọmọ mi, èyí tó wà lára ẹ̀ yìí, ṣé kò dá a dúró ni?"

"Bàbá, ó ń dá a dúró nígbà tó jẹ́ ẹsẹ̀ mi ló ń gbé e lọ."

Mo ṣàlàyé fún wọn. Eré kìlómítà 15 ní wákàtí kan ni mo sábà máa ń sá tí mo bá ń fẹsẹ̀ wà á. Ẹ́ńjìnnì yìí lè gbé e dé 40. Bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ pa, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dì. Bó bá di ìlọ́po mẹ́ta, ó di mẹ́sàn-án. Ìyẹn lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ríìmù onírin dídán ló wà lára kẹ̀kẹ́ tókunbọ̀ yìí, rọ́bà bíréèkì kì í sì í di irin dídán mú tí omi bá ti kàn án. Òjò Ìkòròdú kì í sọ fún ni kó tó dé.

Bàbá ò dá mi lóhùn. Wọ́n gbé bútà tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá, wọ́n yí táyà iwájú, wọ́n da omi sí ríìmù, wọ́n sì fún bíréèkì mọ́wọ́. Táyà ń yí lọ ni. Wọ́n tún fún un, ó ṣì ń yí. Ni wọ́n bá gbé bútà kalẹ̀, wọ́n sọ fún ọmọ iṣẹ́ kan pé kó lọ gbé fọ́ọ̀kù oníbíréèkì dísìkì tó wà lẹ́yìn ilé wá. Dísìkì jìnnà sí ẹrẹ̀ àti omi ju ríìmù lọ, iwájú ló sì yẹ kó wà, torí tí a bá tẹ bíréèkì, iwájú ni gbogbo ìwúwo ń sáré lọ. Ẹ̀yìn, a máa pààrọ̀ ríìmù ẹ̀ sí alumíníọ̀mù, ìyẹn ń gba bíréèkì dáadáa lábẹ́ òjò. Ohun mìíràn tún ni pé kílọ́ọ̀ṣì, ohun tí à ń fà láti já ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà, ti gba ọwọ́ òsì, nítorí náà bíréèkì méjèèjì máa wà lọ́wọ́ ọ̀tún, lórí irin kan tó ń fa wáyà méjì pọ̀. Wáyà tó gùn tó tẹ̀yìn la ò rí lónìí. Ó di Mọ́ńdè.

Kẹ̀kẹ́ yìí kò ní kíìkì tí a fi ń tan án bí ọ̀kadà. Wàá fẹsẹ̀ wà á nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì wà ní fífà, tó bá ti ń lọ díẹ̀, wàá tú u sílẹ̀, táyà á yí ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀. Epo lè tán lọ́nà, pẹ́dàlì ò lè tán. Ọ́ìlì ni wọ́n ń pò mọ́ epo ẹ̀, bí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ṣe máa ń ṣe ní Èbúté: ìdá kan ọ́ìlì sí 16 epo nígbà tó bá ṣì tuntun, ìdá kan sí 32 tó bá ti mọ́ra. Ọ́ìlì yẹn nìkan ló ń rọ inú ẹ́ńjìnnì, torí náà a ò gbọdọ̀ fojú wọ̀n ọ́n. Ó máa ń rú èéfín, kò dùn mọ́ mi. Tí owó bátìrì bá wálẹ̀ tí iná NEPA sì ń wà déédéé, mọ́tò oníná ni ǹ bá lò.

Aládùúgbò kan bi mí nípa òfin. Lóòótọ́, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, wọ́n sì fi mẹ́rin kún un ní oṣù Kẹsàn-án. Ìkòròdú ò sí nínú wọn. Síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ yìí ò ní tẹ títì Máìlì 12 láéláé. Ọ̀nà inú ni màá máa gbà níbi tó bá ti ṣeé ṣe.

Nígbà tí mo délé, Ìyá Ìbejì ò béèrè eré tó ń sá. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, tí ilẹ̀ bá ṣú, báwo ni onídáńfó tó ń bọ̀ lẹ́yìn ṣe máa mọ̀ pé ẹ wà níwájú?" Mo ti ra iná pupa kan ní Ṣábọ̀ kí n tó wọlé, mo sì fi hàn án. Ó tàn án, ó rìn dé òpin kọ́ńpáùndì láti wò ó, ó ní ọ̀kan ò tó. Ọ̀la ni màá lọ ra èkejì.